Àlejò Orí Igi Kọfí Ìyá Ọkọ Mi

Ọ̀rọ̀ bá mi nídìí ajọ̀

Èlùbọ́ ni mo ń jọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ṣakí nígbà tí ọ̀rọ̀ dé. Ìyẹ̀fun ti bò mí láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, ó ti kun ìpéǹpéjú mi funfun bíi ti arúgbó. Tọ́lá, ọmọ mi, ló sáré gbé fóònù wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ẹyin adìẹ.

"Mọ́mì, Dádì ni. Wọ́n ní kí ẹ jókòó kí ẹ tó gbọ́."

Ẹni tó bá ní ká jókòó ká tó gbọ́rọ̀, ìpayà ló fi ránṣẹ́ síni. Mi ò jókòó. Mo ní kí ọmọ gbé e mọ́ mi létí.

"Màmá ti gbà," ni ọkọ mi wí.

Inú mi dùn débi pé mo fi ọwọ́ èlùbọ́ fa Tọ́lá mọ́ra, ló bá di iwin kékeré lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ Akparé ni ọkọ mi, ní ẹ̀gbẹ́ Atakpamé, lórílẹ̀-èdè Tógò. Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn mìíràn a máa pè wọ́n ní Ànà. Iṣẹ́ táìlì ló gbé e dé Ṣakí, èmi ni mo sì dá a dúró síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò kúrò ní Akparé rí, èmi náà ò sì dé ibẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ojú ìyá náà ń ṣú lọ. Ohun funfun kan ti bo ẹyin ojú ọ̀tún pátápátá. Ti òsì, òjìji lásán ló kù tó ń rí. Láti ìgbà tí a ti bí Tọ́lá títí tó fi wọ ilé ìwé, ìyá àgbà rẹ̀ kò tíì fi ojú kàn án. Fọ́tò tí a bá fi ránṣẹ́, Kòfí, àbúrò ọkọ mi, ló máa ń jókòó tì í, tí á máa ròyìn rẹ̀ fún un: "Ó wọ ẹ̀wù pupa, Màmá. Eyín rẹ̀ kan ti yọ."

Dókítà ojú kan ládùúgbò wa ti sọ pé òun lè ṣí ohun funfun náà kúrò bí a bá tètè gbé ìyá dé. Bó bá pẹ́ jù, òun ò ṣèlérí mọ́. Ó ti dá ọjọ́ fún wa. Ọkọ mi bẹ ìyá rẹ̀ títí, ìyá ní rárá. Àfi lọ́jọ́ náà.

"Ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe èmi ni kí n wá mú òun," ni ọkọ mi wí. "Ìwọ ni kí o wá. Ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ kan ojú ìyàwó òun ná, kí òun tó mọ̀ bóyá òun á tẹ̀lé e."

Bí mo ṣe fi Tọ́lá sọ́dọ̀ ìyá mi nìyẹn, tí mo di ẹrù.

Atakpamé

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé jíjìn ọ̀nà ni ìṣòro, ọ̀nà kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹnu mi ló di ìṣòro. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi gbogbo sẹ́kọ́ńdìrì kọ́, ẹnu bodè ló kú sí bí iná tí òjò pa. Ṣọ́jà kan níbẹ̀ ní, "Bọ́ńjúù, màdámù." Èmi náà ní, "Gúdù mọ́nìn, sà." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ kí n lè wà ní ibòji. A jọ jókòó bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́ tèmi, n ò gbọ́ tirẹ̀, ó sì ń bù fún mi nínú ẹ̀pà tó ń jẹ.

Àárín òkè ni Atakpamé wà. Ilé gun orí ilé débi pé ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ lè rí ìdí ìkòkò ẹni tó ń gbé òkè. Ohun àkọ́kọ́ tí ìlú náà kọ́ mi ni pé a kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí a kò kí. Mo sáré bá obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì, mo ní, "Akparé?" Ó ń to búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Mo tún ní, "Akparé?" Ó gbójú sókè, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan ní èdè Èwé, ó wá dákẹ́, ó ń wò mí. Mo rò pé ó ń bú mi ni. Àṣé ó ń kí mi ni, èsì ló ń dúró dè! Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo kí i ní Yorùbá: ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ọmọ lẹ́yìn. Kò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tú ká. Ìgbà yẹn ló tó fọwọ́ júwe ọ̀nà fún mi.

Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí náà ni ohùn kan ti ké lẹ́yìn mi. "Ta ló ń sọ èdè bàbá mi níbẹ̀ yẹn?"

Àlàájà kan ni, tó ń ta abọ́ tánganran. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Atakpamé ni wọ́n bí òun sí.

"Ìwọ ọmọ yìí, wá jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Má parọ́ fún mi, mo ń gbọ́ ikùn rẹ níbí."

Ó ránṣẹ́ ra àyímólú fún mi, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, tí wọ́n da ata dúdú lé, tí wọ́n wá fi gàrí wọ́n orí rẹ̀ bí ẹni wọ́n iyọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fi ìka nu abọ́. Nígbà tó gbọ́ pé ilé ọkọ ni mo ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọmọ tó ti ń ka "A, B, D" nílé, ó pàtẹ́wọ́.

"O ti bímọ tán kí o tó wá mọ ilé! Ó dáa, gbọ́ mi. Má béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Jí ní kùtùkùtù, kí o gbálẹ̀. Ìyàwó tó bá ń gbálẹ̀, kò sí ìyakọ tó lè rí wí sí i."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì gbà á gbọ́.

Ọwọ́ tó ń rí

Kòfí ló fi ọ̀kadà wá gbé mi. Olùkọ́ ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo bá a nílé, nítorí náà Bùọ̀dá Kòfí ni mo ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè. "Ìyàwó wa, di ẹ̀wù mi mú. Tí o bá já bọ́, kí ni mo máa wí fún ẹ̀gbọ́n mi?" Oko àgbàdo àti oko iṣu ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí tí a fi wọ Akparé.

Ìyá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kékeré ni, tínńrín, ó ró aṣọ kan, ó fi òmíràn bo èjìká. Mo kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá mi lójú mú, ó wá ń fi ìka rìn lórí mi díẹ̀díẹ̀.

"Iwájú orí gbòòrò. Imú kò ga. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún." Ó dúró. "Kòfí, o ò sọ fún mi pé ó ní kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́!"

"Kò rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò kankan, Màmá."

"Ó ń rẹ́rìn-ín báyìí."

Òótọ́ ni. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Èdè wọn ńkọ́? Bí ẹni pé Yorùbá ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá kejì ni. Mò ń gbọ́ ohùn, mò ń gbọ́ orí ọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ a bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Faransé á gba ibí wọlé, Èwé á gba ọ̀hún jáde. Ìyá máa ń já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ fún mi bí ẹni ń fún ọmọdé lóúnjẹ, ibi tó bá sì há, Kòfí á bá wa ṣí i. Ohun tí mo kọ síbí, Yorùbá tèmi ni mo fi kọ ọ́.

Wọ́n ní fùfú ni mo máa jẹ. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. N kì í fẹ́ràn òórùn fùfú. Ìgbà tí wọ́n ṣí abọ́, iyán ni! Iyán funfun gbòò, tó ń fà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata olómi tí olú kún inú rẹ̀. Fùfú ni wọ́n ń pe iyán lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ ilé kejì wá tò sí ara ògiri láti wo bí ará Nàìjíríà ṣe ń jẹun. Mo jẹun fún wọn dáadáa.

Nígbà tí a fọwọ́ tán, mo bi Ìyá ní ọjọ́ tí a ó gbéra, torí ọjọ́ dókítà kò jìnnà mọ́.

"Bí àwọn àlejò mi bá ti lọ," ló wí.

Kòfí na ìka sí igi kọfí tó wà níwájú ilé. "Àwọn tó ń jẹ ewé níbẹ̀ yẹn ló ń sọ. Wá wò wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ẹ̀ka kan ni tiwọn

Ẹ̀rù kòkòrò máa ń bà mí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Kí n tó rí èyí, mo rò pé mo ti rí kòkòrò ajẹwé. Gígùn rẹ̀ tó ìka àárín mi. Ó sanra, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé kọfí fúnra rẹ̀. Ìlà funfun kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Àwọn ihò tó fi ń mí pọ́n bí ojú ata wẹ́wẹ́. Ní ìdí rẹ̀ gan-an, ìwo kan dúró gánrangánran. Wọ́n pọ̀ lórí ẹ̀ka tó kọjú sí ìlà oòrùn, wọ́n ń jẹ, mo ń gbọ́ ọ: kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Kòfí mi ẹ̀ka náà díẹ̀. Gbogbo wọn gbé orí àti àyà sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dúró gbagidi bí ère.

"Ìdí nìyẹn tí àwọn Faransé fi ń pè é ní sífáǹkìsì," ni Kòfí wí. "Ère ńlá kan wà ní Íjíbítì tó gbé orí sókè báyìí."

Ojú rẹ̀ ń dán. Ó hàn pé ó máa ń fi wọ́n han àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ó ní àfòpiná ni wọ́n máa ń dà, ṣùgbọ́n àfòpiná tí kì í dúró de iná: ọ̀sán gangan ló ń fò. Ó ní kò síbi tí kọfí wà nílẹ̀ adúláwọ̀ tí wọn kì í dé, àti pé wọ́n ní ìbátan ní Íńdíà títí lọ dé Jàpáánù.

"Ó rìn jù ẹ́ lọ, Ìyàwó wa."

"Ṣé òun náà gba pásípọ́ọ̀tù?"

"Ẹnu rẹ̀ ni pásípọ́ọ̀tù rẹ̀."

Ó fẹ́ máa bá àlàyé lọ, ni wọ́n bá pè é láti ìta, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé ó parí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni, ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí ì bá má ṣẹlẹ̀.

Ní àárọ̀ mo rí bí Ìyá ṣe ń ṣe é. Ó ń fi ọwọ́ wá ewé kọfí náà ní ẹ̀ka ẹ̀ka. Ibi tó bá ti kan kòkòrò, á rọra tú u kúrò, á gbé e lọ sí ẹ̀ka ìlà oòrùn, á gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Kò pa ọ̀kan. Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo ká ọwọ́ sínú ìró mi.

"Màmá, ṣé wọn kì í jẹ igi tán?"

"Ẹ̀ka kan ni mo fún wọn. Àlejò tí a bá fi ìjókòó hàn kì í lọ jókòó lórí ẹní onílé. Bó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, mo tún gbé e padà."

"Tí ẹ bá pa wọ́n ńkọ́?"

Ó yí ojú funfun rẹ̀ sí mi. "Ìyá tó bí ọkọ mi ló fi lé mi lọ́wọ́. Ilé wa nìkan ló ń ṣe é, mi ò mọ tẹlòmíràn. Àlejò wá, ó bá wa nílé. A ò lé e, a ò sì ní kó wá kó ilé wa jẹ. Bó bá wà ńlẹ̀, onílé kì í ti ilẹ̀kùn lọ sí ìdálẹ̀. Á dúró kó sin àlejò náà jáde ná. Tó bá lọ, èmi náà á lọ."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò le. Mo rò pé mo ti lóye rẹ̀ tán.

Ìgbálẹ̀

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó dá, mo lọ wo ẹ̀ka náà: igi lásán! Ewé ti tán lórí rẹ̀, àlejò kankan ò sì sí níbẹ̀. Mo fò sókè. Mo pe ọkọ mi: "Wọ́n ti lọ o!" Mo sọ fún Ìyá. Ìyá ní, "Rárá, ó kù díẹ̀."

Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́, lójoojúmọ́ ló ń ní ó kù díẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro èrò tèmi. Lọ́jọ́ kan tí a jókòó tí à ń yọ ẹ̀pà, ó ti bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni pé ojú ewúrẹ́ ni àwọn dókítà fi ń rọ́pò ojú ènìyàn?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń yọ ẹ̀pà lọ, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á gidi. Nítorí náà, nígbà tó ń ní ó kù díẹ̀, mo ní lọ́kàn mi pé, Ìyá ń sá ni. Ó ń fi kòkòrò ṣe bojúbojú. Ọjọ́ dókítà sì ń súnmọ́lé.

Lọ́jọ́ tí Ìyá lọ kí aládùúgbò kan tó bímọ, mo ní kí n tún ilé ṣe kí ó má bàa rí àwáwí kankan mọ́. Mo jí gbálẹ̀ bí Àlàájà ṣe kọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá fúnra rẹ̀ ló máa ń gbá ìhà igi kọfí, ó sì máa ń fi abẹ́ igi náà sílẹ̀. Mo rò pé kò rí i ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ewé jíjẹrà ti nípọn níbẹ̀ bí tìmùtìmù. Mo gbá a títí ilẹ̀ fi dán, mo kó o jọ sí ẹ̀yìn ilé, mo ta kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, mo ṣá iná sí i. Mo dúró tì í, mo fọwọ́ lé ìdí. Inú mi dùn, mo kọrin.

Èéfín ló pe Ìyá dé. Ó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀ wá, kánkán, ju bí mo ṣe rí i kó rìn rí.

"Kí lò ń sun?"

"Ewé ni, Màmá. Mo gbálẹ̀."

"Ewé ibo?"

Mo sọ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí.

"Wọn ò lọ, ìyàwó mi. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ni. Inú ewé yẹn ni wọ́n sùn sí, títí ìyẹ́ á fi hù wọ́n." Ohùn rẹ̀ kò le. Bó tiẹ̀ le ni, ì bá sàn fún mi. "O ti sun àlejò mi."

Nínú eérú

Mo bú sẹ́kún. Mo ń sunkún nítorí àwọn kòkòrò tí n kò lè fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀, mo sì ń sunkún nítorí ojú Ìyá, torí mo mọ ohun tí mo ṣe: kò sí àlejò tó máa lọ mọ́, kò sì sẹ́ni tí Ìyá máa sìn, láéláé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí fún ọkọ mi? Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí fún Tọ́lá?

"Má sunkún sínú eérú," ni Ìyá wí, "á di ẹrẹ̀. Bomi pa iná. Lẹ́yìn náà kí o fọwọ́ wá a."

Òjò ti rin ewé ìsàlẹ̀, iná kò tíì dé ibẹ̀. Mo bomi sí i, mo kúnlẹ̀, mo ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú òkìtì gbígbóná náà. Ìyá rá wá sí òdìkejì, òun náà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó sọ ohun tí mo máa fi mọ̀ ọ́n fún mi: ó gùn tó oríkèé ìka méjì, orí rẹ̀ rìbìtì, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, ó dúdú mọ́ pupa, ara rẹ̀ dán bí èkùrọ́. Àwọn tí mo kọ́kọ́ rí fọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ẹ̀pà tó jóná. Mo ń to wọ́n kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n ò lè wo Ìyá lójú. A wá a dé ìsàlẹ̀, dé ibi tí ewé ti tutù.

Ọ̀kan bọ́ sí mi látẹ́lẹwọ́. Mo pa ọwọ́ dé. Ìdí ṣóńṣó yẹn yí bìrí nínú ọwọ́ mi!

Igbe tí mo ké, àwọn ará ilé kejì sá jáde. Díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́ nù.

"Mú un dáadáa!" Ìyá ti ń rẹ́rìn-ín, eérú kún gbogbo ojú rẹ̀. "Ó ń kí ẹ ni! Ṣé bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìkíni ní Ṣakí nìyẹn?"

Òun nìkan ló kù.

Dídúró

Ìyá wá igbá kan, ó da iyẹ̀pẹ̀ tútù sí i, ó fi ewé bò ó, ó ní kí n gbé ẹni wa sínú rẹ̀, kí n sì ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i fún un láti gùn. Èmi ni mo ń wọ́n omi sí i. Àwọn ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìrìn-àjò mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, pẹ̀lú gbogbo ìpayà mi. Ọkọ mi ń pè: "Kí lẹ ń dúró dè?" Mo ní, "Ẹnì kan ló ń sùn." Ọmọ ilé náà ni. Kò bi mí mọ́. Ó ní òun á bẹ dókítà kó sún ọjọ́ síwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ti wí pé òun ò lè sún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yan kọfí nínú ìkòkò. Mo ń di irun rẹ̀. Mo ń ròyìn Tọ́lá fún un: bó ṣe ń sùn tó ń gbá ẹsẹ̀, bó ṣe ń purọ́ pé òun ti fọ eyín. Kòfí wá wo igbá wa, ó sì fi orin bú mi ní Faransé, n ò gbọ́ ọ, mo ṣáà mọ̀ pé ìgbálẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Mo fi ìgboyà bi Ìyá lọ́jọ́ kan. "Màmá, bí gbogbo wọn bá jóná, ṣé ẹ̀ bá tẹ̀lé mi?"

Ó ronú. "Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ìyàwó mi. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí ìdí láti jókòó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, kì í jù ú nù." Ó wá ọwọ́ mi rí. "Ṣé o máa dúró níbẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe é?"

"Wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé, mà. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni mo máa dúró sí."

"Kí o máa sọ̀rọ̀ sókè kí n máa gbọ́ ẹ."

Mo ní màá kọrin. Ó ní rárá o, òun ti gbọ́ orin mi lọ́jọ́ èéfín, ọ̀rọ̀ lásán tó.

Ó gbọn ara

Àárọ̀ kan tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta sí orí páànù, mo rí i tí igbá náà ń mì. Mo kígbe pe Ìyá. Èèpo dúdú náà ti là lẹ́yìn, ohun kan tó rọ̀ bí aṣọ tútù ń fa ara rẹ̀ jáde. Ó gun igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó dá sí orí rẹ̀, ó wá jẹ́ kí ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀. Ìyẹ́ náà ká jọ, ó kéré, mo rò pé iná ti bà á jẹ́.

"Kí ló ń ṣe?" ni Ìyá ń bi mí. "Sọ fún mi."

Bí Kòfí ti ń ròyìn fọ́tò ni èmi náà ṣe ròyìn. Mo ní ìyẹ́ ti ń nà. Mo ní ara rẹ̀ nípọn bíi ti oyin ńlá, irun àwọ̀ ewé bò ó lẹ́yìn, ó fi ìgbànú pupa kan di ìbàdí, irun dúdú kan sì wà ní ìdí rẹ̀ bí ìgbálẹ̀ kékeré.

"Ìgbálẹ̀!" ni Ìyá wí. "Àwọn náà ń gbálẹ̀. Ìyẹ́ ńkọ́?"

"Ìyẹ́ rẹ̀ ti nà tán, Màmá, ṣùgbọ́n kò mọ́. Ìyẹ̀fun eléérú kan bò ó."

"Dúró. Kò tíì ṣe tán. Gbé ìró rẹ sábẹ́ rẹ̀."

Mo na etí ìró mi, aṣọ àdìrẹ dúdú kan, sábẹ́ igi náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbọ̀n díẹ̀, ó sinmi. Lójijì ó gbọn gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ wìììì, bí ẹ̀rọ, n ò rí ìyẹ́ mọ́, òjìji lásán. Ìyẹ̀fun náà já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wọ́n sí orí aṣọ mi bí ẹni jọ èlùbọ́ sí i. Ìgbà tó dúró, ẹ̀yin ènìyàn mi, dígí ni! Ìyẹ́ náà mọ́ gaara bíi gíláàsì fèrèsé, àfi iṣan dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó là á kọjá. Mo wo inú rẹ̀, mo rí ojú Ìyá lódìkejì.

"Ó ti gbọ̀n ọ́n?"

"Ó ti gbọ̀n ọ́n, Màmá. Mò ń rí yín gba inú rẹ̀."

Ìyá sún mọ́ ọn títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Àlejò náà tún gbọ̀n, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ sí Ìyá lójú, irun funfun etí rẹ̀ ń mì. Ó di ojú méjèèjì. "O kú àpọ́nlé," ló wí fún un. "A ò ṣe ẹ́ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ìyàwó titun ni, má bínú. Kí ọ̀nà là fún ẹ."

Ó fò. Kò lọ kíákíá. Ó dúró nínú afẹ́fẹ́ níwájú òdòdó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kò bà lé e, ó na ahọ́n gígùn kan jáde, ó mu, ó sún sí òdòdó kejì. Ohùn rẹ̀ ń kùn bí oyin. Ìyá ń fi etí tẹ̀lé e kiri. Ó gba orí òrùlé kọjá, a ò gbọ́ ọ mọ́.

Ìyá fi ọwọ́ nu ojú. "Ìyàwó mi, gbé àpò mi jáde."

Bí a ṣe ń kọjá lọ́jà Atakpamé, Àlàájà rí wa. "Ìyàwó! Ṣé o gbálẹ̀ bí mo ṣe wí?" Ìyá ló bá mi dáhùn. Ó ní, "Ó gbá a jù." Ẹ̀rín pa Ìyá fúnra rẹ̀ débi pé ó di mọ́ mi lọ́rùn.

Ṣakí

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, mo sì sọ̀rọ̀ sókè títí wọ́n fi ṣe é tán. Nọ́ọ̀sì ní kí n rọra; mo ní mo ti ṣèlérí.

Dókítà fi aṣọ funfun bo ojú Ìyá, ó ní kí a padà wá lọ́jọ́ kejì kó ṣí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Tọ́lá ti ki orí bọ inú agbada èlùbọ́ ìyá mi lẹ́yìnkùlé. Ó yọjú wo Ìyá tó jókòó sí orí àga pẹ̀lú aṣọ funfun lójú, tó ti wọ aṣọ tán, tó fọwọ́ lé orúnkún bí ẹni ń retí ọkọ̀. Ó fà mí láṣọ.

"Mọ́mì, kí ló ṣe ojú Màmá?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Mo sọ fún un pé àfòpiná kan wà ní Akparé tó máa ń jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lórí ìyẹ́, tí ènìyàn á rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí títí ayé. Mo ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ fò ló máa ń gbọ̀n ọ́n dànù, tí gbogbo rẹ̀ á mọ́ gaara. Mo ní ìyẹ̀fun ló bo ojú Màmá, dókítà sì ti bá wọn gbọ̀n ọ́n.

Ó ronú lórí rẹ̀. "Tí wọ́n bá ṣí i, ṣé Màmá á fò lọ?"

"Rárá o. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ẹ́ ná. Lọ bọ́jú rẹ, èlùbọ́ ti kún un. Ojú yẹn ni wọ́n ń bọ̀ wá rí."